Àtè Líle

Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Máfọwọ́kàn-án. Kò bínú sí orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nìyẹn, kí ó tó gbọ́ ẹ káàbọ̀. Àwọn fayolíìnì wà lára ògiri, wọ́n fi ọrùn kọ́ wọn bí aṣọ tí a sá. Àwọn sẹ́lò, tí wọ́n tóbi ju fayolíìnì lọ, tí olórin máa ń fi orúnkún méjèèjì há mọ́ra kó tó fà wọ́n, dúró ní kọ̀rọ̀ bí àlejò tí kò tíì rí àga. Gbogbo wọn ni wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ilé rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù, yàrá mẹ́ta. Ọmọ kò sí. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún kẹta rèé, kì í gun òkè mọ́ àfi tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn igi tó ń gbẹ. Igi kì í sọ̀rọ̀. Òun náà kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ra wọn yé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí òun náà gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀: àtè ojú kò gbọdọ̀ le. Àtè ni wọ́n ń pe oje tí wọ́n sè láti ara awọ màlúù, tí wọ́n fi ń lẹ igi mọ́ igi. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ ọrùn le. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yìn le. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń de ojú, ìyẹn pátákó iwájú tí okùn gùn lé, wọ́n á bu omi là á títí yóò fi ṣàn bí omijé. Ìdí ni pé igi kì í kú tán. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un, a máa sún kì, ohun kan sì gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí àtè bá gbà, etí rẹ̀ á kàn ṣí díẹ̀, wọ́n á tún un lẹ̀. Bí àtè kò bá gbà, igi á sán. Ìdí kejì ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò ní láti ṣí i kó tó lè tún inú rẹ̀ ṣe. "Iṣẹ́ tí a kò lè ṣí," ọ̀gá rẹ̀ a máa wí, "pósí ni."

Ó pa òfin náà mọ́ fún àádọ́ta ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kò pa á mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Má fọwọ́..." Ó gbójú sókè. "Àṣé ìwọ ni. Kí ló dé tó o gbé e bí ẹni gbé aláìsàn?"

"Aláìsàn ni, Bàbá."

Ọmọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ga, ìka rẹ̀ gùn, ó sì ní eépá lórí ìka òsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti gbogbo ẹni tó ń tẹ okùn. Ìyàwó àgbà náà ló kọ́ ọ ní sẹ́lò láti kékeré. Nígbà tí àìsàn dé, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sẹ́lò tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà tú àpò sẹ́lò náà. Ó yí i sójú iná.

Ìlà kan ti là láti ìdí ihò ohùn dé etí ìsàlẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

"Ìgbà wo?"

"Lánàá. Mò ń fà á lọ jẹ́jẹ́, mo bá gbọ́ 'pá', bí ìgbà tí èèyàn dá igi gbígbẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé orúnkún mi ni."

"Kì í ṣe orúnkún rẹ."

"Ó wù mí kó jẹ́ orúnkún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jìnnà. "Bàbá, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò mi."

Ó mọ̀. Ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ní ìlú mìíràn ń wá ẹni kan. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ọgọ́ta èèyàn ló ń wá a. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti dán irú rẹ̀ wò, tí wọ́n ní kó máa lọ ilé. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá yẹ̀, òun yóò lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé, òun kò ní dán an wò mọ́.

Àgbà náà fi àgbọ̀n nàka sí kọ̀rọ̀. "Mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn."

"Èyí tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn?"

"Mo ní kó o mú un."

Ó mi orí. "Ọdún mẹ́ta ni ìka mi fi mọ ojú ọ̀nà lórí èyí. Bí mo bá gbé òmíràn, mo máa ṣìnà níwájú gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ṣé ẹ máa ṣí i?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tuntun sí i létí.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í léèrè. Kò bi í ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Bí ọdún bá ti yípo, tí ọkọ bá gbé sẹ́lò náà lé tábìlì láti pààrọ̀ okùn rẹ̀, yóò wá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́, yóò ní, "Ṣé ẹ ò ní ṣí i wò?" Òun yóò ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é." Ìyàwó yóò mi orí, yóò mu tíì rẹ̀, yóò gun òkè lọ. Ó tilẹ̀ bi í ní ọdún tó kẹ́yìn, láti orí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí kò lè gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa sẹ́lò mọ́. Ìdáhùn kan náà ni ó fún un. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni ó wí fún ọmọ náà. "Padà wá lọ́la."

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, àgbà náà ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó ti sẹ́lò náà.

Ogójì ọdún sẹ́yìn, ọmọṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Òun ni ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, Ọlọ́wọ́-Òsì náà sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọ̀yàyà ni. Ọmọbìnrin kan máa ń gbé sẹ́lò àlòkù wá fún àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ọlọ́wọ́-Òsì ló máa ń bá a tún un ṣe, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá yóò fi wúkọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń retí kò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹ́ èyí tí kì í sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí. Kò béèrè. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá béèrè, ọmọbìnrin náà yóò tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Sẹ́lò yìí ni ó kàn fún un nígbà ìgbéyàwó. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Nígbà tó ku kó de ojú rẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò àtè, ó sì rò ó pé: lọ́jọ́ kan tí n kò ní sí nílé, ẹnì kan yóò ti ọ̀bẹ òsì bọ abẹ́ ojú yìí. Kò bu omi là á. Ó sè é títí ó fi ki bí oyin. Ó fi de ojú sẹ́lò, ó fún un pa, ó lọ sùn. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti gba òpópónà tí Ọlọ́wọ́-Òsì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí. Òpópónà mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Bí ó bá ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, a lọ yí po, a fi ìdajì wákàtí kún ìrìn rẹ̀. Bàtà ló san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó gbé iná sún mọ́ etí sẹ́lò náà. Ó fi ìka tọ́ ọ yí ká, ó ń wá ibi tí ọ̀bẹ lè gbà wọlé. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ irin tó fi ń dúró nílẹ̀ wà, ìka rẹ̀ dúró.

Ojú ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹnì kan ti fi igi dí i, ó sì ti fi fáníìṣì kun ún, iṣẹ́ mímọ́ ni, ojú lásán kò lè rí i. Fáníìṣì náà ti gbó. Kì í ṣe ti ọdún yìí tàbí èṣí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ ọ̀tún a máa dà sí òsì bó bá ń wọlé. Èyí dà sí ọ̀tún. Ní gbogbo ìlú náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń nu sẹ́lò yìí. Kò rí i rí. Ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kì í wò ó mọ́.

Ó mú ọ̀bẹ. Ó tì í bọ ibẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti bí ọdún méjì, ó sì ti ń fi í pamọ́ fún àwọn oníbàárà, a máa ti ọwọ́ bọ àpò bó bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ yẹ̀. Ó fi ìlà funfun kékeré sílẹ̀ lára igi. Ó gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà dé ní ọjọ́ kejì, ó bá a tó ti wọ kóòtù.

"Ta lo gbé sẹ́lò yìí fún?"

"Èmi? Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Láti ọwọ́ Màmá Àgbà sọ́wọ́ mi ni. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Jókòó tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé..."

"Kó má fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀."

Ó jáde. Ní ìkòríta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ọ̀nà tó máa ń yí po. Ó dá a dúró, ó dá a padà, ó sì gba ọ̀nà tó tọ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ilẹ̀kùn Ọlọ́wọ́-Òsì wà ní ṣíṣí. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí òpópónà, orí rẹ̀ ti pá. Ó rí òjìji lára ògiri, kò yíjú padà.

"Wọlé. Fọwọ́ kan ohun tó bá wù ẹ́. Níbí kọ́ ni ti bàbá kejì."

"Èmi ni bàbá kejì."

"Ẹ̀n?" Ó yíjú. Ó wò ó láti bàtà dé fìlà. "Hẹn. Ìwọ nìyí. Mo rò pé o ti kú."

"Mi ò tíì kú."

"Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti lọ, ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i, òun náà ti lọ."

"Mo ní mi ò tíì kú."

"Ó yẹ kó o fi ránṣẹ́. Mo rí ẹ níbi ìsìnkú ìyàwó ẹ. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí. O wojú mi, o wo ògiri." Ó nu ọwọ́. "Kí ló gbé ẹ wá?"

Bàbá Máfọwọ́kàn-án ti to ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ti tú. "Sẹ́lò ìyàwó mi ti sán. Ó di dandan kí n ṣí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ọlọ́wọ́-Òsì ń wo ètè rẹ̀. Kò ní kó tún un sọ. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan ní orí tábìlì, ó fi aṣọ wé e.

"Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń retí ẹ," ni ó wí. "Àmọ́ o ò pẹ́ jù."

Wọn kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan kò gbọ́, èkejì kì í sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí àlejò. Àlejò bi í bóyá òun ni ọmọ àbúrò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò ní, "Imú yìí ni. Mo mọ imú yìí." Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú okùn. Wọ́n tẹ́ aṣọ òtútù sórí tábìlì, wọ́n dá sẹ́lò dùbúlẹ̀ lé e. Wọ́n gbé omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan, sípírítì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá Máfọwọ́kàn-án yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì kán sípírítì sí ojú ìlẹ̀, yóò sì máa di igi mú. Ọlọ́wọ́-Òsì ni yóò mú ọ̀bẹ.

Ọmọ náà dúró ní ẹsẹ̀ tábìlì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi ń gba àgbà méjì? Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣí fayolíìnì rí. Kò gbà tó bí ẹní ń bó ọsàn."

Ọlọ́wọ́-Òsì ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ti rí i pé ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì ti mọ ohun tó lè jẹ́.

"Sọ fún un," ni ó wí.

Bàbá Máfọwọ́kàn-án wo omi inú abọ́. "Àtè tí mo fi dè é le."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní àtè rẹ̀ le."

"Etí mi, ọ̀rẹ́. Sọ ọ́ síta."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àtè líle dè é kí ọwọ́ rẹ má baà wọ ibẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Okùn àwọn fayolíìnì ara ògiri gbà á, wọ́n dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́wọ́-Òsì fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ wò. "Mo gbọ́ nígbà àkọ́kọ́," ni ó wí. "Ó kàn wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni.

Bàbá Máfọwọ́kàn-án fi ìka sí ojú ọgbẹ́ kékeré náà. "Èyí ńkọ́?"

Ọlọ́wọ́-Òsì kò wò ó. Ó fi ìka tirẹ̀ wá a, ó rí i. "O rí i o. Mo ṣe é dáadáa." Ó mi kanlẹ̀. "Ìyàwó ẹ ló gbé e wá. O rìnrìn àjò lọ ra igi. Ó ní ohùn ẹ̀ kì í jáde, ó ní ó dà bí ẹni tó da aṣọ bo ẹnu kó tó máa sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun yẹ inú ẹ̀ wò. Mo ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, kò wọlé. Mo tún un tì, mo gbọ́ tí igi fẹ́ ké. Mo bá dúró. Mo sọ fún un pé, ẹni tó de èyí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i."

"Kí ló wá sọ?"

"Sọ ọ́ sókè."

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí àpótí mi. Tíì tí mo gbé fún un tutù, kò mu ún. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun dí ojú ibẹ̀ dáadáa kí o má baà rí i. Mo ní, ṣé kí n wá bá ẹ sọ ọ́, kí ọkùnrin sí ọkùnrin sọ̀rọ̀? Ó ní rárá. Ó ní, 'Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á ṣí i fúnra wọn. Mo máa máa rán wọn létí.'" Ó ki ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná. "Mi ò mọ̀ bóyá ó rán ẹ létí."

Lóde, ẹnì kan ń wọ́ ilẹ̀kùn onírin sílẹ̀.

Bàbá Máfọwọ́kàn-án yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún pẹ́. Ife tíì, ẹnu ọ̀nà, okùn titun lórí tábìlì. Ọgbọ̀n ìgbà, bóyá ó lé. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó wọ awò náà padà.

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́," ni ó wí.

Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, etí ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n lè ṣí. Ọ̀bẹ á wọlé ní ìwọ̀n èékánná kan, á dúró. Bàbá Máfọwọ́kàn-án á kán sípírítì, wọ́n á dúró kí ó wọra. Bí igi bá fẹ́ ké, òun ló ń gbọ́ ọ, nítorí etí Ọlọ́wọ́-Òsì kò gbọ́ ọ mọ́. Á fi ìka kan èjìká rẹ̀, ọ̀bẹ á dúró. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ọmọ náà ra búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lẹ́ẹ̀kan, ìka náà pẹ́ kan èjìká, èérún igi kan ta sọnù láti etí ọ̀tún. Ọmọ náà di ojú. Ọlọ́wọ́-Òsì tẹ̀ ba, ó mú èérún náà nílẹ̀, ó fi sínú abọ́.

"Kò sọnù," ni ó wí. "Ó kàn ṣí nílé ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ojú sẹ́lò náà gbà. Ó fọ ohùn kan, ó gbéra. Wọ́n gbé e dìde pọ̀, ọwọ́ mẹ́rin, bí ẹni gbé ọmọ kúrò nínú ìwẹ̀.

Kò sí ohun ìyanu nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ eruku kan wà níbẹ̀, ó ká roboto bí ẹyin ẹyẹ. Orúkọ àgbà tó ṣe é wà níbẹ̀, tí ó kọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì máa gbọ̀n. Àtè sì wà yí ká etí, ó pọ́n, ó dán, ó le bí èékánná ẹsẹ̀. Àgbà náà fi ọ̀bẹ ha á kúrò fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò béèrè ọwọ́ tó dúró ṣinṣin.

Wọ́n lẹ ojú sísán náà pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi pátákó kéékèèké ti inú rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dá èérún igi náà padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí ó gbẹ, Ọlọ́wọ́-Òsì sì ń wá lójoojúmọ́ láti wá jókòó, ó ní ilé òun dákẹ́ jù. Èyí ya ẹni kejì lẹ́nu. Kò mọ̀ pé ilé ń dákẹ́ fún adití.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Máfọwọ́kàn-án gbé ìkòkò àtè kaná.

"Bu omi sí i," ni Ọlọ́wọ́-Òsì wí.

"Mo ti bu."

"Tún bu."

"Ó ti tó."

"Ẹni tó sọ pé ó tó lógójì ọdún sẹ́yìn ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

Ó tún bu. Ó ki igi kan bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè. Àtè náà sáré kúrò lórí igi, ó kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi de ojú sẹ́lò náà, wọ́n fi kíláàmpù, irin tó ń di igi mọ́ra, yí i ká, wọn kò fún un pa.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà jókòó sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó fi orúnkún há sẹ́lò náà, ó tún okùn yí títí ohùn wọn fi ṣe déédéé. Ó fa okùn tó nípọn jù, lẹ́ẹ̀kan, gígùn.

Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ìdí ọ̀pá rẹ̀, ó wo sẹ́lò náà. Ó tún fà á.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àgbà náà fi ń gbọ́ sẹ́lò yìí láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n yàrá kejì ló ti máa ń wá. Ó rò pé bí ìyàwó òun ṣe ń fà á nìyẹn, pé bí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe rí ni, ẹni tí kì í fẹ́ pariwo. Ní báyìí ohùn náà wọ inú ilé. Ó dúró síwájú rẹ̀. Ó gùn gba pátákó ilẹ̀, ó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Òsì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì iṣẹ́, ó di ojú. "Ó ń gbọ̀n dáadáa," ni ó wí fún ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè jù bí àwọn adití ti ń ṣe.

Ọmọ náà ń nu ojú. "Màmá Àgbà ò gbọ́ ọ báyìí rí."

"Kò gbọ́ ọ," ni àgbà náà wí.

Ó bá ọmọ náà ti sẹ́lò náà bọ àpò. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ yóò gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, bí nǹkan bá ṣe é níbẹ̀ ńkọ́? Ta ni kí n gbé e fún?"

"Ẹni tó bá wà nítòsí."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀bẹ. Ó ti ṣeé ṣí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù dún. Wọ́n ti mú un. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń sáré lé ara wọn. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ ni òun yóò kó lọ sí ìlú náà, òun yóò máa wá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán, wọ́n ní àwọn adájọ́ béèrè ẹni tó ṣe sẹ́lò náà. Àgbà náà ní kí ó kú iṣẹ́. Ọmọ náà ní Bàbá ló kú iṣẹ́. Àgbà náà ní ó dáa, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ó nu tábìlì. Àtè tó kù nínú ìkòkò ti bà jẹ́, kì í pẹ́ bó bá ti lómi púpọ̀. Ó dà á nù, ó fọ ìkòkò. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òsì kò wá lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Àwọn fayolíìnì wà lára ògiri. Ní àárín ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ọmọ náà jókòó sí fa sẹ́lò náà, ihò kékeré kan wà lára pátákó ilẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ gún.

Ó gun òkè. Kò lọ fún aṣọ. Yàrá ìjókòó wà bí wọ́n ti fi í sílẹ̀, àga ìyàwó rẹ̀ dojú kọ fèrèsé, àga kan tí kò ní apá, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń fa sẹ́lò gbọ́dọ̀ ráyè. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ kọ́ ni ipò rẹ̀. Ìyàwó ló máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà.

"Mo ti ṣí i," ni ó wí.

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè.